Òrùka Tí Kò Tíì Ní Eyín

Kì í ṣe òrùka ni Ìyá Ìṣó kọ́kọ́ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èèpo pẹ́ńsù ló rí.

Ó ń gbálẹ̀ yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìgbálẹ̀ kó nǹkan fẹ́lẹ́ kan jáde lẹ́bàá ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Èèpo igi pẹ́ńsù ni, tín-ín-rín, gígùn, ó ká jọ bí etí ọmọ tuntun, kò já níbì kankan. Ó gbé e sí imú. Òórùn igi tútù ló ń run, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ ni.

Kò sí ẹni tó ń lo pẹ́ńsù nínú ilé yẹn. Ìyá Ìṣó kì í kọ nǹkan. Bó bá di dandan, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń ṣe é, ara ilẹ̀kùn ló sì ń kọ ọ́ sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí tó lè fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù láti orí dé ìdí tí èèpo rẹ̀ ò ní já. Ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún keje nìyí tó ti wà nínú ilẹ̀.

Ó gbé ojú sókè. Òkè ibẹ̀ gan-an ni máàpù ọkọ rẹ̀ wà.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ọkọ náà. Kì í ṣe àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé o. Ti ìjọba ni, àwọn tó ń rin gbogbo òkè àti àfonífojì já, tí wọ́n á wá jókòó fa gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìdí tábìlì iṣẹ́ ló kú sí, orí rẹ̀ lórí ìwé, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Àwọn tó jókòó tì í rò pé oorun ló ń sùn, wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi fẹ́ ti ọ́fíìsì. Máàpù ìlú tí wọ́n ń gbé gan-an ló ń ṣe lọ́wọ́. Kò parí rẹ̀. Máàpù tí kò parí ò wúlò fún ìjọba, ni wọ́n bá ká a mọ́ bàtà rẹ̀ àti agbòòrùn rẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún opó. Opó gbà á, ó kàn án mọ́ ògiri. Ẹni tó ń ta ìṣó kì í tọrọ ìṣó.

Apá òsì àti àárín máàpù náà kún fún ìlà. Apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀nà gbà lọ sí ilé-iṣẹ́ bíríkì àtijọ́, funfun ni, àfi ìlà kan ṣoṣo tó ti fà níbẹ̀, tó sì ti kọ nọ́ńbà sí. Ibẹ̀ ni ikú ti gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀.

Òrùka kan wà níbẹ̀ báyìí. Ó tó ẹnu ife kékeré. Ìyá Ìṣó fi itọ́ ra ìka, ó nù ún. Kò parẹ́. Ó tún nù ún títí ìwé fi fẹ́ máa họ. Òrùka wà níbẹ̀ bí ojú tí kò ṣẹ́.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ó bi ògiri léèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn.

Oníbàárà ló pariwo níwájú: "Ìyá Ìṣó, ṣé ẹ ò tajà lónìí ni?" Ó so èèpo pẹ́ńsù náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó lọ tajà.

Obìnrin tí kò kàwé púpọ̀ ni. Ìwé mẹ́rin ló kà, ó sì ti gbàgbé méjì nínú rẹ̀. Àmọ́ ó lè ka ilẹ̀ nínú máàpù, nítorí ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ọkùnrin náà gbé òkúta ńlá kan sínú báàfù, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí òkúta náà ká níbi tí omi mọ. Ó tún bu omi sí i, ó tún fa ìlà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òkúta mọ́lẹ̀. Ó wá da omi nù, ó ní kí ìyàwó òun dìde dúró, kó wò ó láti òkè.

"Kí lo rí?"

"Òrùka nínú òrùka."

"Bí ẹyẹ ṣe ń rí òkè nìyẹn. Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà, gíga wọn dọ́gba. Tó o bá ń rìn lórí ìlà kan, o ò gòkè, o ò sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ láti ìlà kan dé èkejì, gíga èmi tí mo nawọ́ sókè ni. Níbi tí àwọn ìlà bá ti fún mọ́ra, ilẹ̀ ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, máa sáré lọ, ilẹ̀ tẹ́jú."

Obìnrin náà ronú. Ó mú abọ́ kan, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. "Tó o bá wá fa ìlà sínú abọ́ yìí ńkọ́? Tí mo bá wò ó láti òkè, ṣebí òrùka nínú òrùka náà ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ." Ó wá ṣàlàyé. Nọ́ńbà wà: orí nọ́ńbà máa ń kọjú sí ibi tó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí ìsàlẹ̀, bí èèyàn tó ń gun òkè. Eyín sì wà: bó bá jẹ́ kòtò ni, wọ́n á fa ìlà kéékèèké sí inú òrùka náà yí ká, bí eyín. "Òrùka tó bá ní eyín," ó ní, "ẹnu ilẹ̀ ni."

Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn ni bí ọkùnrin náà ṣe ń lọ́ra. Òrùka ló máa ń kọ́kọ́ fà, gbogbo rẹ̀. Á wá fi sílẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa padà lọ wo ilẹ̀. Nọ́ńbà ló kàn. Eyín ló máa ń fi kádìí rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò kúkú fi eyín sí i lẹ́ẹ̀kan náà?" ìyàwó á bi í.

"Ó gbọ́dọ̀ dá mi lójú."

"Bí mo bá ń ta ìṣó bó o ṣe ń fa ìlà, a ti jẹ ilẹ̀kùn ilé yìí tán."

"Jẹ́ kí n parí, obìnrin yìí. Jẹ́ kí n parí."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe rí nìyẹn láti kékeré. Abẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí. Òun náà á mú pẹ́ńsù, á máa fa òrùka, ṣùgbọ́n òrùka tirẹ̀ kì í pàdé. Àlàfo á kù níbi tó yẹ kí ìlà ti bá ara rẹ̀.

"Ti ilẹ̀kùn, Tẹ́ẹ́rẹ́," bàbá rẹ̀ á wí.

"Rárá o, Bàbá. Màmá ò tíì ti ọjà dé."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ti wá di ìyàwó bírikìlà báyìí. Yàrá kan tí wọ́n háyà létí odò ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ọdọọdún ni odò sì ń wọlé wá kí wọn. Lọ́dún tó kọjá, orí tábìlì ló jókòó sí, tó ń gbọ́ bí ìkòkò òun ṣe ń kọ lu ara wọn nínú omi nísàlẹ̀. Ó ti wá lóyún oṣù méjì, Ìyá Ìṣó sì ti búra pé ọmọ-ọmọ òun ò ní fi omi odò wẹ̀ kó tó fi omi ilé wẹ̀.

Ilẹ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tí wọ́n lè rà. Ọ̀kan wà lẹ́bàá táńkì omi ìlú, lórí òkè, ó kún fún òkúta. Èkejì wà lọ́nà ilé-iṣẹ́ bíríkì àtijọ́, ó tẹ́jú, ó rọ̀, ọkọ́ wọ̀ ọ́ geere. Ti ẹ̀bá táńkì ni Bírikìlà ń fẹ́.

"Màmá, ilẹ̀ tó le ni ilé ń fẹ́," ó ní. "Ibi tó tẹ́jú yẹn, odò á kàn wá bá wa níbẹ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn yìí ni òrùka kejì jáde nínú ti àkọ́kọ́, èèpo pẹ́ńsù kan sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, gígùn, tí kò já. Ìyá Ìṣó fi ojú wọn bó ṣe wà sí ọ̀nà àti sí odò. Orí ilẹ̀ tẹ́jútẹ́jú yẹn gan-an ló wà. Ó jókòó sórí páálí ìṣó, ó sunkún díẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ojú èèyàn máa ń parọ́ nípa ilẹ̀. Ilẹ̀ tó o rò pé ó tẹ́jú lè ti ga jù ọ́ lọ, o ò sì ní mọ̀. Òkú ọlọ́mọ ò sùn. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun ń wá ilé, ó ti wá fi ibi tó ga hàn án.

Ó ránṣẹ́ pe Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró níwájú máàpù. Ó fi ìka tọ ìlà náà láì kàn án.

"Ọwọ́ Bàbá nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tó bá ti fẹ́ yí. Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Bàbá ẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ẹni tó ń fi ẹnu fẹ́ ọbẹ̀ fún ẹ kó tó gbé e sí ẹ lẹ́nu?"

"Nọ́ńbà rẹ̀ dà?"

"Nọ́ńbà ń bọ̀. Òkè ni, Tẹ́ẹ́rẹ́. Òrùka nínú òrùka. Kí ló tún lè jẹ́?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ògiri. Omi wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Ó mọ̀ pé mo lóyún," ó ní.

"Ó mọ̀."

Bàbá Ọ̀pá yà wá ní ọjọ́ kẹta. Òun ló ń gbé ọ̀pá ìwọ̀n fún ọkọ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Á gbé e dúró sí orí òkè, ọkọ á máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dúró bí ẹni tó gbé ọ̀pá lọ́wọ́. Ìṣó páànù ló wá rà. Ìyá Ìṣó mú un wọ yàrá ẹ̀yìn. Bàbá náà wo máàpù, ó bọ́ fìlà.

"Ìyàwó, ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọwọ́ ta ni?"

Bàbá Ọ̀pá ò pe orúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo pẹ́ńsù kan nílẹ̀, ó tún fi sílẹ̀ kíá bí ẹni tó mú iná. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbọ́.

"Ìlà wà, nọ́ńbà ò sí. Kò tíì parí. O mọ̀ ọ́n, ìwọ ìyàwó rẹ̀. Má tíì kà á."

"Ẹni tó ń ta ilẹ̀ yẹn ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ rà á. Ṣé kí n ní kí wọ́n dúró de òkú ni?"

"Ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o ti dìde nílẹ̀."

"Bàbá Ọ̀pá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró dè é láyé. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ kó tó la ẹnu."

Bàbá náà san owó ìṣó rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ nígbà tó dé títì. Ìyá Ìṣó rí i pé kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ra ilẹ̀ náà. Bírikìlà kùn, ṣùgbọ́n Tẹ́ẹ́rẹ́ sọ fún un pé ìfẹ́ bàbá òun ni, kò sì sí bí ọkùnrin ṣe fẹ́ bá òkú àna rẹ̀ jiyàn. Ìyá Ìṣó ló kó gbogbo ìṣó wá, láti orí ti ilẹ̀kùn dé orí ti òrùlé. Yàrá méjì ni ilé náà. Ó yára parí ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, nítorí ìyá ń tì wọ́n lẹ́yìn: ẹ ṣe é, ẹ ṣe é, òjò ń bọ̀. Lóṣooṣù, òrùka kan á tún jáde nínú èyí tó wà nílẹ̀. Ó di mẹ́ta. Ó di mẹ́rin. Ìyá Ìṣó ò wo nọ́ńbà tó wà lára ìlà àtijọ́ tó wà níta mọ́. Ìdùnnú ń kà á fún un. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé òkè ń ga.

Òjò dé. Odò kún, ó gbé yàrá tí wọ́n háyà tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ògiri rẹ̀. Ní ilé tuntun, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn ènìyàn wá ń wò ó. Wọ́n ní ìyá yìí lójú inú. Ìyá Ìṣó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ọkọ mi ló yan ibẹ̀," ó sì rí i bí ẹ̀rín ṣe ń kú lójú wọn.

Ilẹ̀ gbẹ jù. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé níbo ni gbogbo omi òjò yẹn ń gbà lọ.

Lẹ́yìn òjò ni ilẹ̀kùn iwájú kọ̀ tí kò tì mọ́. Bírikìlà gé etí rẹ̀, ó tì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún kọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ife omi sórí tábìlì, ó rí i pé omi inú rẹ̀ ga ní apá kan ju apá kejì lọ. Ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bí àwàdà.

"Ilé tuntun máa ń jókòó," Bírikìlà wí. "Bí ìyàwó tuntun."

"Kó jókòó dáadáa o," Ìyá Ìṣó dáhùn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ikùn Tẹ́ẹ́rẹ́ ti yọ dáadáa nígbà yẹn. Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ibi tí ọmọ ti ń ta ẹsẹ̀. Ìyá Ìṣó kò ní gbàgbé bí ibẹ̀ ṣe gbóná.

Òrùka karùn-ún jáde. Kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn wà lójú ọ̀run, Ìyá Ìṣó ń wọn ìṣó fún oníbàárà nígbà tó gbọ́ ìró abẹ lára igi nínú yàrá ẹ̀yìn. Ìró tó mọ̀ ni: fíì, fíì, bí ẹni tó ń pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń gbẹ́ pẹ́ńsù kọ́ nìyí. Ó yá jù. Ó ń já. Ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Láyé, ọkùnrin yẹn kò kánjú lọ́jọ́ kan.

Ó fi ìwọ̀n sílẹ̀, ó wọlé.

Èèpo pẹ́ńsù kún ilẹ̀, kéékèèké, gbogbo rẹ̀ ló já. Lára máàpù, nọ́ńbà ti wà. Ìlà tó wà níta, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́un, méjìlélógójì. Òrùka àkọ́kọ́, ogójì. Èkejì, méjìdínlógójì. Mẹ́rìndínlógójì. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n. Orí gbogbo wọn kọjú sí ìta. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn kọjú sí àárín, bí àwọn èèyàn tó ń gbìyànjú láti gun òkè jáde.

Eyín sì ń jáde. Ó rí i. Kò sí ọwọ́, kò sí pẹ́ńsù, ìlà kékeré kan á yọ, òmíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ́, wọ́n ń kọjá ara wọn, àwọn kan gún ìwé já. Ó ti fi eyín sí mẹ́rin. Ó ń fi sí ìkarùn-ún.

"Ó tó," ó kígbe. "Mo ti rí i! Mo ti rí i!"

Ó sá jáde. Bàtà kan já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò padà mú un. Oníbàárà ń pè é, ìṣó ń dà lórí tábìlì. Ó sá kọjá ilé ìwé, ó sá kọjá táńkì omi tó dúró lórí òkè rẹ̀ láìmì, ó yí sí ọ̀nà ilé-iṣẹ́ bíríkì àtijọ́. Ibẹ̀ ló ti rí eruku. Kò gbọ́ ariwo kankan. Èyí ni kò yé e títí dòní: ilé kan wọlẹ̀ lọ, kò dún ju kí èèyàn gbé àpò símẹ́ńtì kalẹ̀ lọ.

Ihò ni. Ó yípo bí ẹnu ife. Àwọn tó ń ṣe bíríkì láyé àtijọ́ ti wa amọ̀ lábẹ́ ibẹ̀ tán, wọ́n fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ bí awọ ìlù, wọ́n kú, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́. Ẹnì kan ló ti mọ̀. Ó mọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn panápaná dé. Bírikìlà dé láti ibi iṣẹ́, símẹ́ńtì lọ́wọ́, ó sì fẹ́ fò sínú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Nígbà tí wọ́n sọ okùn sísàlẹ̀ tó kan ìdí, òun fúnra rẹ̀ ló nà án sórí ilẹ̀ tó wọ̀n ọ́n, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìlọ́po márùn-ún gíga ọkùnrin tó nawọ́ sókè. Omi ń ru ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, dúdú, ó tutù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá Tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni wọ́n rí fà jáde, ìṣó Ìyá Ìṣó sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, kò yẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ní ilẹ̀ tún lè já, wọ́n fi ọkọ̀ da iyanrìn sínú ihò náà. Ìyá Ìṣó dúró níbẹ̀ títí iyanrìn fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Ó ti tún tẹ́jú. Bí o bá wò ó, o ò ní mọ̀.

Bírikìlà wá síwájú rẹ̀ kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo.

"Màmá," ó ní, "ẹ sọ pé òkè ni."

Ìyá Ìṣó ń ṣa ìṣó tó dà sórí tábìlì sínú páálí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ìyá Ìṣó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fà jáde yẹn, ó fi tì mọ́ ògiri nínú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù. Kò fa máàpù náà ya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn ní kó sun ún. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbá abẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Àwọn oníbàárà ṣàkíyèsí pé kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá ń ronú nípa irú ìṣó tó fẹ́, ìyá á máa wò ó, á ní, "Parí ọ̀rọ̀ ẹ, ọmọ mi. Parí ọ̀rọ̀ ẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìgbálẹ̀ tún kó èèpo pẹ́ńsù jáde. Gígùn. Kò já.

Kò yára gbé ojú sókè. Ó gbálẹ̀ tán ná, ó kó ilẹ̀ náà dànù. Ó wá wò ó. Òrùka kan wà ní àárín máàpù, ó yí òpópónà tiwọn ká, ó yí ṣọ́ọ̀bù ìṣó ká, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti yí.

Bàbá Ọ̀pá wá nígbà tó gbọ́. Kò wọ yàrá náà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó di férémù mú.

"Kó ẹrù rẹ lónìí," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wá sílé mi. Ìyàwó, mo bẹ̀ ọ́."

"Nítorí kí ni?"

"O ń bi mí nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́." Ó gbé àpótí kan, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. "Ó lè jẹ́ òkè. Ó lè má jẹ́ òkè. N ò ní dìde nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Nígbà tí bàbá náà lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni òrùka kejì jáde nínú ti àkọ́kọ́. Èèpo méjì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà: ọ̀kan gígùn, èkejì já sí wẹ́wẹ́, bí ti ẹni tí kò tíì mọ abẹ lò. Ìyá Ìṣó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ògiri. Ìlà yìí fúyẹ́. Kò tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbì kankan. Ó ń gbọ̀n díẹ̀ bó ṣe ń yí lọ, ó yí títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara rẹ̀, ó wá dúró. Kò pàdé. Àlàfo kan wà níbẹ̀, ní ìhà tí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọjú sí, tó fẹ̀ tó kí obìnrin kan gbà á wọlé.

Ó gbé ìka sórí àlàfo náà. "Màmá ò tíì ti ọjà dé," ó wí jẹ́jẹ́, bí Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe máa ń wí i. Ìwé ibẹ̀ gbóná.

Nọ́ńbà ò tíì sí níbẹ̀. Eyín ò tíì sí níbẹ̀. Níwájú, ẹnì kan ń pe, "Ìyá Ìṣó, ṣé ẹ wà nílé?" Ìyá Ìṣó mú ẹyọ pẹ́ńsù kan tó ti rà lánàá nínú àpò rẹ̀, tuntun, tí wọn ò tíì gbẹ́, ó gbé e kalẹ̀ lábẹ́ máàpù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ó pa ọwọ́ pọ̀ lórí itan. Kò kánjú.